Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Mo Kọ Sọ́rùn Ara Mi

Mo rántí ìgbà tí sójà kan ka ìwé tí èmi fúnra mi kọ sí mi létí. Ọ̀sán gangan ni, nínú ọ́fíìsì ọ̀gá mi lójú ọ̀nà Sẹmẹ. Sójà náà dúró sẹ́bàá fèrèsé kí ó lè rí ìwé náà dáadáa, nítorí ẹ̀dà abẹ́ kábọ́ọ̀nù ni, lẹ́tà rẹ̀ sì ti ń ṣá. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń kọjá lórí afárá onípákó. Ohun tí ó kà ni pé akọ̀wé kan wà ní iléeṣẹ́ náà tí gbogbo ènìyàn fọkàn tán. Pé akọ̀wé yìí ni ó ń yí ìwé ẹrù padà, tí ó ń pe léèsì tí ìjọba fòfin dè ní àwọ̀n ìpẹja, kí ọkọ̀ lè kọjá ní bodè láìsí wàhálà. Pé ọmọ ọ̀gá ni ó tú àṣírí rẹ̀, tí ó sì fi àánú bá a wí. Sójà náà gbójú sókè. Ó ní, "Ta ni akọ̀wé yìí?" Ọ̀gá mi kò dárúkọ mi. Àgbọ̀n ni ó fi júwe mi, bí ẹni tí ń júwe àpótí tí ó fẹ́ kí wọ́n gbé jáde.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé Òyìnbó inú ìwé náà dùn. Èmi ni mo tò ó. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ "fọkàn tán" síbẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ̀ akọ̀wé náà lè dun ẹni tí ń kà á. Akọ̀wé náà sì nìyí, èmi ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti wọ gàù.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Àwọn kan ti kú, àwọn kan wà láàyè, àwọn tó wà láàyè sì lọ́mọ tó mọ lọ́yà. Ẹni tó bá dá wọn mọ̀, kó dákẹ́ bí èmi náà ṣe dákẹ́. Iléèwé Mọ́dáànù, tí kò tó gírámà, ni mo kà, títí dé kíláàsì kẹta, mo sì fi ọdún kan kọ́ taipuráítà ní Àgbádárìgì. Ìyá mi jẹ́ Ègùn, bàbá mi jẹ́ Àwórì, àwọn méjèèjì sì gbà pé ọmọ tí ó lè fi ìka mẹ́wàá kọ̀wé láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, nǹkan kan kò ní wọ́n ọn láyé.

Ọ̀gá mi jẹ́ àjẹ́ǹtì tí ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù kọjá ní bodè Sẹmẹ. Àwọn tí ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá ọ̀nà ń pè é ní Patirọ́ọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Kútọnu ṣe ń pe ọ̀gá, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Owó epo ń ṣàn nígbà náà. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló gbà pé ọpọlọ òun ni ó mú epo jáde nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà ni ọ̀gá mi ní, ẹ wo bí ọpọlọ tirẹ̀ yóò ti tó. Ẹ jẹ́ kí n sì tètè sọ èyí: léèsì tí ó di àwọ̀n ìpẹja yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ni ó ń ṣe é. Òun ni yóò dúró lẹ́yìn àga mi, tí yóò máa sọ ohun tí n óò tẹ̀, èmi a sì tẹ̀ ẹ́. N kò bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ń jẹun lábẹ́ ẹnìkan kì í bèèrè ibi tí ẹran inú ọbẹ̀ ti wá.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní ọ́fíìsì ni pé kí ó wọlé ní agogo mọ́kànlá, kí ó bèèrè bóyá ẹnìkan ti bèèrè òun, kí ó sì jáde. Ó mọ táì dè. Ìyẹn ni mo lè jẹ́rìí sí láìpurọ́. Lọ́jọ́ kan ni fọ́ọ̀mù dé fún un láti ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan ní òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ìṣàkóso òwò. Wọ́n ní kí ó kọ àròkọ nípa ara rẹ̀, kí àgbà méjì tí ó mọ iṣẹ́ àti ìwà rẹ̀ sì kọ ìwé ìjẹ́rìí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí ọmọ náà má rí ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀gá kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì mi. Ó ní, "Bá wa ṣètò rẹ̀. Ṣáà rí i pé ẹnu wọn kò."

Báyìí ni mo ṣe di olùṣètò. Àgbà àkọ́kọ́ ni ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Àgbádárìgì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí ó kọ́ ọmọ náà ní kékeré. Èkejì ni ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní bodè, ẹni tí àwọn ọkọ̀ wa ń kọjá níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń kọjá níwájú afọ́jú. Ní ìlú àwọn tí ó ṣe fọ́ọ̀mù náà, bóyá ẹni tó ń jẹ́rìí ló ń kọ ẹ̀rí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kì í kọ ìwé ìjẹ́rìí. Àgbà ń fọwọ́ sí i ni. Bí o bá ní kí ó kọ ọ́, o ti rán an níṣẹ́ nìyẹn, ta ló sì ń rán àgbà níṣẹ́? Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ fún mi, bí ẹni tó jọ há a sórí: "Lọ kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i."

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n mo gbádùn iṣẹ́ náà. Mo kọ ti ọ̀gá iléèwé bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀, mo fi ẹsẹ Bíbélì kan há a láàrin. Ti ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù, mo gé e kúrú bí àṣẹ. Mo pín ìwà rere fún wọn bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran ọdún: òtítọ́ inú bọ́ sí ti ọ̀gá iléèwé, ọgbọ́n àti ìgboyà bọ́ sí ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi sínú àròkọ ọmọ náà fúnra rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò sí àgbà kan tí yóò gbà láti fọwọ́ sí ìyẹn. Nígbà tí mo ṣe tán, ọkùnrin tí n kò rí kí ó gbé àga láti ibì kan sí ibòmíràn rí ti di òpó tí iléeṣẹ́ bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn tì.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó dá wa dúró. Wọ́n ní kí ó sọ nípa ìgbà kan tí ó kùnà, àti ohun tí ó rí kọ́ níbẹ̀. Ní pálọ̀ ọ̀gá ní Aradagun ni mo ti ka ìbéèrè náà sí wọn létí. Ìyàwó ọ̀gá, tí òun náà jẹ́ Ègùn, tí ohùn rẹ̀ sì le ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, dá ọwọ́ tí ó fi ń bó àgbọn dúró.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí Bùrọ̀dá kọ ìgbà tí wọ́n kùnà, Mà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkùnà sílẹ̀, kí wọ́n wá gbé e pamọ́ sí ilẹ̀ àjèjì? Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ni?"

"Ìwé iléèwé ni, ìyá yìí," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ kọ tiyín nígbà náà. Ṣebí ẹ̀yin ti kùnà rí."

Ọ̀gá wúkọ́. Ọmọ náà kò gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn tí ó ń wo àwòrán rẹ̀. Ó ní, "Èmi ò tiẹ̀ kùnà rí." Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, ibo ni yóò ti kùnà?

Ẹni tí kò gbé ààrin wa lè rò pé òmùgọ̀ ni ìyá náà. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í fi ọwọ́ ara ẹni kọ ibi sórí ara ẹni. Ìyá mi pàápàá ì bá sọ ohun kan náà. Òmùgọ̀ tí ó wà ní pálọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn ni ẹni tí ó la ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, èmi sì ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a wá ẹlòmíràn tí yóò kùnà, Sà, kí Bùrọ̀dá jẹ́ ẹni tí ó tún un ṣe. Ẹ fi sí mi lọ́rùn. Ìwé òkè òkun ni, ta ni yóò kà á níhìn-ín?"

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wọ ilé náà. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ gidi! Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé!" Ó bu ìrẹsì fún mi, ó gbé ẹja dindin méjì lé e. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ń rò ó bí mo ti ń jẹ ẹ́ pé irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni kí n dá. Èrò ọkàn mi ni pé bí ọmọ náà bá ti òkè òkun dé, yóò fi mí ṣe máníjà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí irọ́ òun dúró, àfi kó bu òtítọ́ sí i. Ìwà ibi kan ṣoṣo tí mo mọ tinú tẹ̀yìn rẹ̀ ni ti léèsì tó di àwọ̀n. Mo mú ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá mi, mo gbé e wọ akọ̀wé. Mo kọ ọ́ sínú àròkọ, mo sì fi ìlà díẹ̀díẹ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìjẹ́rìí méjèèjì kí ẹnu wọn lè kò. Nígbà tí ọ̀gá mi kà á dé ibi tí léèsì wà, ó dúró. Ó gbójú sókè wò mí. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ṣùgbọ́n ó rọra ní, "Ó dára. Fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì." Inú mi dùn pé ó yìn mí.

Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ka tirẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ gan-an lo kọ eléyìí nípa ara rẹ? O mà burú o!" Ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá iléèwé kò kà á rárá. Ó bi mí bóyá ọjọ́ wà lórí rẹ̀, mo ní ó wà. Ó bi mí bóyá kọ́mà wà níbi tó yẹ, mo ní ó wà. Ó wá fi gègé kọ orúkọ rẹ̀ gbọọrọ, pẹ̀lú ìrù lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba ọmọ náà síléèwé. Wọ́n tilẹ̀ kọ̀wé pé ìtàn akọ̀wé náà wú àwọn lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó epo gbẹ. Àwọn sójà tún gba ìjọba, wọ́n ní àwọn ń wá àwọn tó ba ọrọ̀ ajé jẹ́. Wọ́n dé Sẹmẹ, wọ́n tú ìwé ẹrù wa wò, wọ́n rí àwọ̀n ìpẹja tí ó tó láti bo gbogbo ọ̀sà láti Àgbádárìgì títí dé Èkó. Ọ̀gá mi kò bẹ̀ wọ́n, kò bá wọn jiyàn. Ó fa àpótí tábìlì, ó yọ fáìlì kan, ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ọmọ mi ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dé, àwọn àgbà méjì sì jẹ́rìí." Èmi tí mo ṣètò kí ẹnu kò, ẹnu ti kò lé mi lórí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní àtìmọ́lé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò kan ẹni tó ń kàwé yìí. Àbúrò ìyá mi ló dúró fún mi, wọ́n sì ní kí n máa wá fi ojú hàn ní ọ́fíìsì wọn ní Àgbádárìgì ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè títí wọn yóò fi gbé mi dé iwájú ìgbìmọ̀ sójà tí ń dájọ́. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń fún irú wa nígbà náà gùn ju ọjọ́ orí mi lọ. Wọ́n ti gbé ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù lọ sí Òkè Ọya, nítorí náà ọ̀gá iléèwé ni mo lọ bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí ó ṣáà sọ fún wọn pé òun kò mọ nǹkan kan nípa akọ̀wé kankan, pé wọ́n gbé ìwé wá, òun sì fọwọ́ sí i.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Kí n sọ pé n kò ka ohun tí mo fọwọ́ sí? Èmi? Èmi tí mo ń na ọmọ lẹ́gba nítorí pé wọn kò ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn?"

"Wọ́n máa sọ mí sẹ́wọ̀n, Sà."

"Màá fi ọ́ sínú àdúrà," ni ó wí, ó sì dìde láti sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọmọ ènìyàn ní òtítọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bi òun náà, ó kọ̀, kò dáhùn.

Ní Mọ́ńdè kan, ó sú mi dé ibi tí mo fi sọ òótọ́. Ọ̀gá àwọn tó ń wádìí jẹ́ sójà tó sanra, tí àgbọn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀, Sà. Ti ọmọ, ti tíṣà, ti kọ́sítọ́ọ̀mù."

"Ìwọ? Ìwọ Mọ́dáànù yìí?" Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sọ́dọ̀ taipuráítà wọn. "Ó dáa. Jókòó. Kọ ìwé ìjẹ́rìí nípa tèmi. Èmi náà fẹ́ lọ sí iléèwé yẹn."

Mo fi ìbẹ̀rù tẹ ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi di ìlà kẹta, ayọ̀ òmùgọ̀ yẹn ti tún mú mi. Mo kọ ọ́ pé oníṣòwò kan gbé àpò ìwé tó kún fún owó wá fún un lọ́jọ́ kan, tí ó kọ̀ ọ́, tí ó sì gba oníṣòwò náà níyànjú títí ọkùnrin náà fi sunkún. Sójà náà gba ìwé náà, ó kà á sókè kí gbogbo ọ́fíìsì gbọ́. Nígbà tí ó dé ibi àpò ìwé, kọ́púrà kan wúkọ́. Nígbà tí ó dé ibi ẹkún oníṣòwò, kọ́púrà kejì sá jáde lọ rẹ́rìn-ín lóde. Òun náà rẹ́rìn-ín títí àgbọn fi há a lọ́fun, tí wọ́n fi ń gbá a lẹ́yìn.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo lè ṣe irú nǹkan báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Sà. Bí fọ́ọ̀mù ṣe máa ń fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ó tẹ́ ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti inú fáìlì, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún. Ó ní, "Ìwọ kì í ṣe olè. Òpùrọ́ ni ọ́. Ìyẹn ò sí nínú òfin tí wọ́n fún mi." Ó ká ìwé tí mo kọ nípa rẹ̀, ó fi í sápò ara rẹ̀, ó ní kí n máa lọ, kí n má wá ní Mọ́ńdè mọ́.

Ṣùgbọ́n wọn kò mú ọ̀gá mi. Ó ti rí ẹni tí ó yẹ kí ó rí, wọ́n sì dá fáìlì rẹ̀ padà fún un bí ohun tí ó gbàgbé sílẹ̀. Ó rán àbúrò ìyá mi sí mi pé ìwé náà wà lọ́wọ́ òun, pé bí mo bá dákẹ́, òun náà yóò dákẹ́. Mo dákẹ́. Mo kó lọ sí Kankon, mo gbin ẹ̀gẹ́, mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní taipuráítà nínú yàrá kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, mo ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Ìjọba yí, ó tún yí. N kò bá ẹnikẹ́ni jó, nítorí ìjọba kọ̀ọ̀kan tó bá dé ló lè ní kí wọ́n kó ìwé wá kí òun kà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀gá mi kú, ẹ̀rù tún wá bà mí sí i, torí mo mọ ẹni tó di fáìlì náà mú tẹ́lẹ̀, n kò mọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

Ìsìnkú náà ni ó gbé ọmọ rẹ̀ wálé. Òwúrọ̀ Sátidé ni ó wá sí Kankon, n kò sì rí àyè sá. Ó ti sanra, ó ń fi imú sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó ń gba àwọn iléeṣẹ́ ńlá nímọ̀ràn. Ó jókòó, ó wo ilé mi yíká bí ẹni tí ń wo aláìsàn.

Ó ní, "Mo máa ń rántí ẹ. Lọ́hùn-ún, mo sọ ìtàn yẹn ní kíláàsì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn èèyàn sunkún."

Mo wá ẹ̀rín lójú rẹ̀, n kò rí i. Ó gbà á gbọ́. Irọ́ tí mo torí ìrẹsì àti ẹja méjì kọ fún un ni ó ti fi ṣe ènìyàn. Láti inú rẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé òun jẹ́ ẹni tó ń tú àṣírí, tó sì ń ṣàánú. Ó fa fáìlì yọ nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí mi. "Dádì tọ́jú èyí. Mi ò fẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn àbúrò mi, kí wọ́n má bàa fi yọ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀dà mìíràn ò sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ẹ́."

Títí di òní, bí mo bá ń rìn láàrin ẹ̀gẹ́ mi, mo máa ń sọ ohun tí ó yẹ kí n sọ fún un lọ́jọ́ náà. Mo ti sọ ọ́ ní Ègùn, mo ti sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sì mọ ibi tí kọ́mà yóò wà bí mo bá ní kí n kọ ọ́ ní Òyìnbó. N kò kórìíra rẹ̀. Ó ṣòro kí ènìyàn kórìíra ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ẹ̀gàn ni ó wà lọ́kàn mi, nígbà tí mo bá sì pín in, n kì í mọ ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù láàrin èmi àti òun. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè mú kí ó fa fáìlì náà padà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì pálọ̀ mi. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n dìde. Ó ní kí n má dán irú rẹ̀ wò mọ́. Mo ní n kò ní ṣe é mọ́.